Ẹ̀jẹ̀ Mi Tí Ó Wà ní Àbújá

Ìkòsì-Kétu,
Ọjọ́ Ajé.

Adédiwúrà, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ẹsẹ̀ rẹ lórí ilẹ̀ Àbújá, mo sì kí ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́run tí ó mú ọ gòkè lọ ní àlàáfíà ni yóò mú ọ sọ̀ kalẹ̀ wá. Òtútù ibi tí o ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kò ní wọ inú egungun rẹ, kò sì ní wọ inú ọkàn rẹ. Àmín.

Ara mi le díẹ̀. Àkànní àbúrò mi kí ọ. Adìyẹ tí o fi sílẹ̀ ti pa ọmọ. Ológbò ará ilé kejì ti jẹ méjì nínú wọn, olówó rẹ̀ sì ní kì í ṣe ológbò òun. Ilé wà bí o ti fi í sílẹ̀, àyàfi òrùlé ẹ̀yìn tí ó ń jò, èyí tí n kò fẹ́ kí o ronú nípa rẹ̀.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní bí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ mi padà, àwọn ìyá ìjọ yòókù yóò gba tiwọn, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ yóò fọ́, yunifásítì kò sì ní fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí lọ́dún yìí. Ó yé mi. Ìdáhùn mi wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré ni o ti máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé wo ìdáhùn.

O mọ̀ pé n kì í sọ ohun tí kò ní ẹ̀rí. Tíṣà ni mí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo sì lọ. Nítorí náà, èmi yóò to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ wá sí gbọ̀ngàn ìjọ wa, tí o ṣàlàyé pé ẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe àkóso ilé tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ èèyàn sí, kí àwọn oníwàádìí lè rí i lò nígbà tí wọ́n bá ń wá oògùn àrùn, èmi ni mo kọ́kọ́ na apá. Mo ka ìwé ìyọ̀ǹda yín tán kí n tó fọwọ́ sí i. Mo fi bírò pupa tún àwọn ibi kan ṣe nínú rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí àwọn ìyá yòókù ti rí i pé mo fọwọ́ sí i, wọ́n tò sẹ́yìn mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ mi wọ bàálù lọ sí Àbújá. Èmi fúnra mi kò tíì wọ bàálù rí. N kò bínú. Mo kàn rò pé ó yẹ kí ẹnìkan ti bi mí bóyá mo fẹ́ tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn náà ni o fi àwòrán ibi tí mo wà ránṣẹ́. Mo wọ awò ojú mi. Mo rí àpótí funfun ńlá kan, mo rí ọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ títóbi bí ti ẹni tí ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò, èéfín sì ń tú jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ń sè mí ni. O pè, o ní kì í ṣe èéfín, òtútù ni. O ní ibẹ̀ tutù ju yìnyín lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ohun tí ó bá sì wọ ibẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láì yí padà. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi.

N kò sọ pé èyí ni ó fa tọ̀hún. Mo ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Gbogbo Kétu ń làágùn, àwọn tí ń ta tòmátì ní Mile 12 ń fi páálí fẹ́ ara wọn, èmi sì wọ súwẹ́tà bàbá rẹ, mo tún da ìró bò ó. Ẹsẹ̀ mi tutù bí ẹja inú yìnyín. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ara mi ṣàdédé gbóná, mo sì làágùn díẹ̀. Jọ̀wọ́ bá mi wádìí bóyá iná lọ ní Àbújá lọ́jọ́ náà. O ti sọ fún mi pé jẹnẹrétọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀, àti àgbá gáàsì olótùútù kan tí ń dúró dè wọ́n. Mo fẹ́ mọ èyí tí ó pẹ́ kí ó tó dìde nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àkànní ti Owódé Onírin, níbi tí ó ti ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù, wá kí mi, ó sì bá mi nínú súwẹ́tà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọdún méjì gbáko ni Adédiwúrà yóò fi kọ́ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn fìríìjì? Ó ní òun ti ní fìríìjì láti ìgbà tí òun ti gbéyàwó, kò sì sí yunifásítì tí ó ké sí òun. Mo dá a lóhùn pé fìríìjì tirẹ̀ ni ẹja ti kí gbogbo àdúgbò kí ó tó jáde. Mo ní ọmọ mi ń kọ́ bí a ṣe ń tọrọ àyè lọ́wọ́ oní-nǹkan kí a tó mú un, bí a ṣe ń sàmì sí i kí ó má sọnù, bí a ṣe ń mọ ẹni tí ó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, àti ohun tí a ó ṣe bí iná bá lọ. Mo ní bí àwọn tí ń ṣèlú bá ti lọ kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bóyá à bá má rí báyìí. Àkànní gbé ife rẹ̀ sókè. Ó mu tíì rẹ̀.

N kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì náà ń dùn mí. Kò sí orúkọ mi lára ìgò kékeré tí ẹ rọ ẹ̀jẹ̀ mi sí. Ìlà dúdú-dúdú ni ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí ó máa ń wà lẹ́yìn páálí bísíkíìtì, àti nọ́ńbà. O ní òfin iṣẹ́ yín ni, kí àlejò má baà mọ ẹni tí ó ni ín. Ọmọ mi, gbogbo ayé mi ni mo fi pe ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ láàárọ̀. N kò pe ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà rí. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì ti gbà pé oríkì ni. Oríkì pàápàá, ará ilé ẹni ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ ọ̀rọ̀ òtútù náà fún. Martha ni, tí a jọ ń jókòó nínú ẹgbẹ́ akọrin. O mọ Martha. Kò pẹ́ tí gbogbo ìyá ìjọ fi gbọ́. Ó ní bí ìyá ẹni tí ó ni iṣẹ́ bá ń gbọ̀n, kí ni yóò ṣe àwọn tí kò ní ọmọ níbẹ̀? Ìyá Success ní òun náà ti kíyè sí i pé òun ń sín. Ìbíjọkẹ́ ní ti òun, oorun ni. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń sùn bí òkúta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tòun o. Wọ́n ní ìwé ìyọ̀ǹda sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè gba tirẹ̀ padà nígbàkígbà, láì sọ ìdí. Òótọ́ ni. Èmi ni mo kà á sí wọn létí. Wọ́n fi ìpinnu sí ẹ̀yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù: ohun tí Tíṣà bá ṣe ni gbogbo wọn yóò ṣe. Ìgbà náà ni mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí o gbé mi kúrò ní ìsàlẹ̀ àpótí wá sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, tàbí kí o dá mi padà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ògùdù, kí dókítà lè kọ ìwé tí n ó fi ti ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́yìn. Ọmọbìnrin ni, Oyèṣọlá ni orúkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí mi kí ó tó wọn ohunkóhun. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó fa ẹ̀jẹ̀, mo bi í pé ta ni yóò tọ́jú èyí, ó ní wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì dà á nù. Mo sọ fún un pé ọmọ mi kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Èsì jáde. Ó ní, Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yín kò tó. Mo ní, Dókítà, mo mọ̀. Mo tilẹ̀ mọ ibi tí ìyókù wà.

Ó ní rárá. Ó ní ohun tí ẹ gbà kò ju ṣíbí díẹ̀ lọ, ara ti dá a padà tipẹ́. Ó ní oúnjẹ ni. Ó bi mí ohun tí mo ń jẹ ní alẹ́. Mo ní tíì àti búrẹ́dì. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ní láti ìgbà tí Adédiwúrà ti lọ, nítorí a kì í tìtorí ẹnu kan gbé ìkòkò kaná. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ ìdí tí ìyẹn fi di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ó fún mi ní oògùn pupa, ó ní kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ni o pè, tí o ní o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bá ilẹ̀kùn, o sì ti gbé mi síbẹ̀, tí o sì ń rẹ́rìn-ín. Òtútù náà ti dínkù púpọ̀. Ohun méjì ni a ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá mọ sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé a kò lè sọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Má gbé mi padà sí ìsàlẹ̀.

Àná, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó. Martha ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ ọmọ sọ yín di ẹja ilé yìnyín o. Ó ní àwọn baba wa kì í fi nǹkan ara sílẹ̀ káàkiri, ilẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. O mọ̀ pé n kò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Mo dìde.

Mo bi Martha pé níbo ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bí i. Ó ní ìdí ọ̀pẹ, lẹ́yìn ilé bàbá òun. Mo ní kí ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Ó ní ilé epo. Mo ní tèmi wà lábẹ́ títì Ìkòròdú, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gorí rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Tìrẹ, Adédiwúrà, tí èmi àti bàbá rẹ sin sí ìdí àgbọn, àwọn tí ó ra ilẹ̀ ti wú àgbọn náà, wọ́n ń fọ mọ́tò níbẹ̀. Mo ní kò sí ohun kan tí a fi pamọ́ sínú ilẹ̀ Ìkòsì tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè tọ́ka sí mọ́. Mo ní ọmọ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ohun ara mi sí ibi tí ó ní kọ́kọ́rọ́, tí ó ní jẹnẹrétọ̀ méjì, tí wọ́n sì ń wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ bóyá ó wà. Mo jókòó.

Kò sí ẹni tí ó gba tirẹ̀ padà. Lọ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ.

Martha sunkún díẹ̀. N kò wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn, ó ní ṣé wọ́n lè fa ti òun sí i. Mo ní n ó béèrè. Mo ti béèrè nìyí. Bí ó bá ṣeé ṣe, jọ̀wọ́ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń jókòó láàárín akọrin; ogún ọdún mìíràn nínú yìnyín ti pọ̀ jù.

O kò wálé ní Àjíǹde. O ní àpótí náà kò ṣeé fi sílẹ̀, mo gbà. Mo wá rí i pé nínú àwa méjì tí a jẹ́ ìyá rẹ, èyí tí ó wà ní Àbújá ni o ń rí lójoojúmọ́. N kò jowú. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, kí i kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má kúnlẹ̀; ilẹ̀ ibẹ̀ yóò tutù.

N kò tọrọ owó. Mo kàn ń jẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni dókítà sọ, pé ẹ̀dọ̀ ti wọ́n ní Mile 12, àti pé òrùlé ẹ̀yìn tí mo ní kí o má ronú nípa rẹ̀ ṣì ń jò. Bí o bá rí ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn, dúdú ni kí o rà. Mo ti ń gbé ìkòkò kaná ní alẹ́. Mo máa ń sè é kí ó tó ẹni méjì, nítorí ọwọ́ mi kò mọ ti ẹnìkan. Àkànní ni ó ń wá jẹ ìyókù, tí ó sì ń bú iyọ̀ inú rẹ̀.

Iná kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun tí o bá tọ́jú kò ní bàjẹ́, ohun tí o bá wá kò ní sọnù. Ọmọ tí yóò tọ́jú ìwọ náà kò ní pẹ́ dé. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyókù tí ó wà ní Ìkòsì.