Oníduùró Mi Tó Ń Wọn Fèrèsé

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Òpéléńgé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà orí ibùsùn? Orúnkún ìyá rẹ tó ń dùn wọ́n nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ó le débi pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá kà síwájú, wàá mọ ìdí rẹ̀. Kí o tó béèrè: rárá, mi ò tíì rán aṣọ rẹ tán. Má bínú.

Òpéléńgé, inú ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni o, nọ́ọ̀sì wa.

O ṣáà rántí bí ọ̀rọ̀ ilé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi háyà yàrá, tí onílé ń bi mí ní ojoojúmọ́ pé ta ló wá kí mi, kí ló dé tí ẹ̀rọ mi ń pariwo. Mo tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, mo rí ilé kékeré oníyàrá méjì yìí, mo lọ bá báǹkì pé kí wọ́n yá mi ní ìyókù, kí n máa san án fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kí n mú ìwé owó oṣù wá. Èmi télọ̀! Ta ni yóò fún mi ní ìwé owó oṣù, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni? Ó ní ó dáa, kí n wá oníduùró tó ń gba owó oṣù, ẹni tí yóò tọwọ́ bọ̀wé pé bí mi ò bá rí owó san, òun yóò san án. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi ní kí n mú bíró wá. Wọ́n ní ṣebí èmi nìkan ni àbúrò tí àwọn ní. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá báni dúró lè fẹ́ wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù tí mo kó wọlé, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ mi, wọ́n ní nítorí pàjáwìrì ni. Mi ò rí wọn púpọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí n tó fọ ẹnu, màá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn. Wọ́n á yọ téèpù jáde lápò, téèpù onírin tí àwọn bíríkìlà ń lò, wọ́n á wọn fèrèsé, wọ́n á wọn ògiri, wọ́n á mi orí. Téèpù nínú ilé télọ̀! Èmi tí mo ní mẹ́rin! Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á ba ojú mi jẹ́, wọ́n bá gbé ẹ̀rọ mi lọ sí kọ̀rọ̀ níbi tí mi ò ti lè rí ihò abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kun pálọ̀ ní ọ̀dà funfun. Ọjà ni mo lọ, kí n tó dé, akunlé tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá ti kun ògiri méjì ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé, Òpéléńgé! Bí oníbàárà bá wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé wa."

Ara mi pàápàá ti di ohun àmójútó. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gun alùpùpù mọ́. Wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, wọ́n á so ó mọ́ mi lápá níwájú oníbàárà. Obìnrin kan gbé aṣọ ilé-ìwé mẹ́fà wá, ó fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Ajé. Láti orí àga tí wọ́n jókòó sí ni ẹ̀gbọ́n mi ti dá a lóhùn pé àbúrò àwọn kì í ṣe iṣẹ́ àṣekú. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ télọ̀ òdìkejì lọ. Wọ́n wá yíjú sí mi pé kí ló dé tí oníbàárà ò pọ̀ lónìí. Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n ṣiṣẹ́ ni àbí kí n má ṣiṣẹ́? Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó sú mi. Mo já ẹ̀rọ náà kúrò lápá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ nínú ilé mi." Wọn ò bínú. Wọ́n ká téèpù wọn, wọ́n rọra ní, "Ilé wa," wọ́n sì jáde. Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Lọ́jọ́bọ̀, mo pe káfíńtà pé kó wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Tuntun náà ní ọmọ mẹ́ta, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agolo bọ́tìnnì mi. Mo sì bá akunlé ṣàdéhùn pé kó gbé ọ̀dà funfun wá lọ́jọ́ Ajé. Inú mi dùn, mo ń kọrin.

Àfi bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe dé lánàá láti wọ aṣọ tí mo ń rán fún un wò. Ó rí kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó béèrè, mo bá ro gbogbo ẹjọ́ mi, láti orí téèpù dé orí àwọ̀ ewé. Mo rò pé á bá mi rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí, abẹ́rẹ́ tí mo fi mú etí aṣọ ṣì wà lára rẹ̀, ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn méjèèjì lọ sí báǹkì yìí kan náà nítorí ilé tiwọn. Wọ́n ti rí ilé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọn gbogbo yàrá rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ra téèpù yẹn. Wọ́n ti mú ọ̀dà tí wọ́n máa fi kùn ún, o sì mọ àwọ̀ tí wọ́n mú. Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì wo ìwé, ó ní gbèsè ilé kan ti wà lọ́rùn wọn, owó oṣù wọn ò lè gbé méjì. Ilé ta ni? Ilé tèmi. Ọdún mẹ́fà ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Tèmi ku ọdún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Inú yàrá méjì tí wọ́n háyà ni wọ́n ṣì wà, níbi tí onílé ti ń ti ẹ̀rọ omi pa bó bá ti di aago mẹ́jọ. Ìyàwó wọn ní wọn kì í sùn dáadáa mọ́. Wọ́n ń rò ó pé bí nǹkan bá ṣe èmi, kò sí ilé, kò sí owó oṣù.

Inú ṣì ń bí mi o, má tan ara rẹ jẹ. Inú obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ń bí mi, tí kò là á yé wa lọ́jọ́ tí à ń tọwọ́ bọ̀wé. Inú ẹ̀gbọ́n mi ń bí mi jù, tí wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ yìí mì, tí wọ́n wá ń fi téèpù sọ ọ́. Ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi? Ohun tí mo pariwo níwájú dígí nìyẹn. Èmi ni. Èmi tí mo kúnlẹ̀ ni.

Mo ti ránṣẹ́ sí akunlé pé kó má wá mọ́. Ẹ̀rọ mi nìkan ni mo gbé padà sẹ́bàá fèrèsé, torí ojú mi ni mo fi ń jẹun, ibẹ̀ sì ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi fa àwọn ìbejì létí díẹ̀, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ.

Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà lápò ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò mọ̀ pé kò lè ṣílẹ̀kùn mọ́. Mo ti mú ọ̀kan kúrò nínú agolo bọ́tìnnì. Mo gbọ́dọ̀ tètè jí, kí n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó ki ti ọwọ́ wọn bọ ihò ilẹ̀kùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í purọ́, àfi tó bá kan ọjọ́ aṣọ,
Télọ̀.