Oorun Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi dé kí n tó bọ́jú tán. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ ilé," bí ẹni pé èèyàn mẹ́wàá ló ń gbébẹ̀. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ inú àga onítìmùtìmù lẹ́bàá fèrèsé, oorun gbé e lọ.

Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí bó ṣe lè sùn nílé tirẹ̀ lójúmọmọ: jẹ́lé-ó-sinmi ló wà lẹ́yìn ògiri wọn, ilé ọ̀hún kò sì sinmi rí. Torí náà, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá sùn, èmi náà ń yà á. Mo yà á títí ó fi di odidi ìpàtẹ: pátákó méjìlá tí mo gbẹ́, tí mo fi yíǹkì tẹ̀ sórí pépà, pẹ̀lú àwòrán ọlọ́dà ńlá mẹ́ta. Ogúnjọ́ oṣù yìí la máa ṣí i.

Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni — ìwé kì í ṣòfófó. Olóorun ni mo sọ ọ́ níbí. Kí ẹni tó bá ṣèèṣì kà á má ṣì í kà o, oorun ni mo wí.

Oorun, oòrùn, òórùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdé nínú yàrá mi láàárọ̀ yìí: ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ojú fèrèsé, ti yíǹkì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo tẹ àwòrán ọwọ́ rẹ̀ lónìí, èyí tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí ẹni tó ti ìka bọ odò. Pépà náà ṣì tutù. Mò ń rìn yí i ká bí ẹni tó ń rìn lójú àlá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Onígíláàsì wá. Òun ló ni gbọ̀ngán ìpàtẹ. Awò rẹ̀ kì í gbé ojú, àtàrí ló fi ṣe ilé. Ó yẹ gbogbo iṣẹ́ wò, ó mú èyí tá a máa fi ṣe káàdì ìpè: ibi tí Olóorun ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó gbé orí sẹ́yìn, tí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo ní ṣé kò yẹ ká bi í ná. Ó ní, "Ṣé kò mọ̀ pé ò ń ya òun ni?"

Ó mọ̀. Òun náà ló máa ń sọ pé, "Yà mí bó o ṣe fẹ́, má ṣáà jí mi." Mo bá ní kò burú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Kò wá. Oòrùn jókòó sínú àga rẹ̀ títí ọjọ́ fi kanrí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó wá. Kò bọ́ bàtà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ aláìsàn kan, géńdé, ló mú káàdì náà wá sí wọ́ọ̀dù. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn pe nọ́ọ̀sì, kò tètè rí ẹni dá a lóhùn. Ọwọ́ Olóorun wà lára ẹlòmíràn nígbà yẹn. Ni géńdé bá na káàdì sí i lójú gbogbo èèyàn: ṣebí ìwọ rèé, ṣebí oorun lẹ wá ń sùn níbí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó gba káàdì, ó wò ó, ó dá a padà láìsọ nǹkan kan. "Ìyẹn ló dùn mí jù," ó ní.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò rò ó débẹ̀."

Ó ní, "Nínú gbogbo ìlú yìí, yàrá ẹ nìkan ni mo ti ń rí ojú dì. O wá ṣí i sílẹ̀ fún ará ayé."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó rọra fa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo lá àlá pé mò ń fi rólà yí yíǹkì lé omi lórí. Omi ń gbà á, gbà á. Kò sí ohun tó hàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ ilé wọn. Bọ̀dá Télọ̀, ọkọ rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn, òwú funfun lára ṣòkòtò, tépù lọ́rùn. Ó ní, "Wọlé wá wò ó. Kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ajé."

Wọ́n ti fi aṣọ dí fèrèsé. Ó fi ìrọ̀rí bo orí. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọ ń kọ a, b, d lákọtúnkọ. Ọ̀kan nínú wọn kì í dé orí "gb" kó má fi ariwo sí i. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Màá yọ ojú yín kúrò nínú gbogbo àwòrán náà."

Bọ̀dá béèrè láti pálọ̀ pé, "Ojú ta lẹ fẹ́ yọ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìrọ̀rí mì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀: "Ìwọ lo ni iṣẹ́ ẹ. Ṣe bó o ṣe fẹ́." Ẹni tó bá bá a dàgbà á mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló tì yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Onígíláàsì ní ojú yẹn gan-an ni ìpàtẹ. Tí mo bá yọ ọ́, kí là ń pe èèyàn wá wò, àga? Ó ní ìbínú ọmọ ìyá kì í tọ́jọ́, kí n fi sílẹ̀, á rọ̀. Ó lè rọ̀ lóòótọ́. Mo ní mi ò fẹ́ kó rọ̀ nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe sí i. Ó ní a jẹ́ pé òun á ti gbọ̀ngán. Mo ní kó tì í.

Mo délé, mo jókòó sáàárín àwọn pátákó. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo kó àwọn pátákó tó lójú kalẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ ìgbẹ́gi. Igi tá a bá ti gbẹ́ kúrò kì í padà, mo mọ̀. Ìpéǹpéjú tó gbà mí ní odidi ọ̀sẹ̀, ọ̀bẹ kàn án, ó lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tó là díẹ̀. Èérún igi ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mi ò sunkún. Mo ṣáà ń gbẹ́.

Àwọn ọlọ́dà mẹ́ta, mo kun ojú wọn ní funfun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ibi tá a bá gbẹ́ kì í gba yíǹkì. Funfun ló ń jáde. Mo ṣí pépà àkọ́kọ́. Aṣọ wà, ọrùn wà, àga wà. Ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni, bí ẹni pé ojúmọ́ gba fèrèsé wọlé, ó sì bò ó lójú. Oorun di oòrùn mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo gbé e lọ fún Onígíláàsì. Ó fa awò wálẹ̀ sójú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i níbẹ̀. Ó ní, "Mo ṣì ń bínú sí ẹ. Lọ kó ìyókù wá." Ó ní òun á da káàdì tó kù nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Èrò pọ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Ọkùnrin kan bi mí pé ta nìyí. Mo ní ẹni tó rẹ̀.

Bọ̀dá Télọ̀ dá wá. Ó dúró pẹ́ níwájú àwòrán ọwọ́. Ó fi ìka hàn mí níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò: "Abẹ́rẹ́ mi ló gún un níbẹ̀ yẹn, ọdún tá a ṣègbéyàwó." Mo gbẹ́ àpá yẹn láìmọ ibi tó ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bọ̀dá pè. Wọ́n ti gbé e sí iṣẹ́ ọ̀sán. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ ilé. Ó ní òun ti lọ wo ìpàtẹ, òun nìkan, nígbà tí èrò ò sí. "Mi ò rí ojú mi, ṣùgbọ́n mo dá ara mi mọ̀. Ó wù mí bí ara ẹni yẹn ṣe balẹ̀." Ó ní ọ̀la ni iṣẹ́ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀, òun ò ní máa wá sùn mọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

A jókòó. A ò tíì jókòó bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá yìí, kí ojú àwa méjèèjì là.

Ó ní, "Bọ̀dá ẹ ní mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Kò fẹ́ sọ ohun tí mò ń wí. Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ níbí náà?"

Ó ṣe mí bíi kí n purọ́. Mo ní, "Ẹ máa ń sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo máa ń wí?"

"Ẹ máa ń ní, 'Mò ń bọ̀. Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀.' Láràárọ̀ ni. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ yín á tiẹ̀ gbéra nílẹ̀."

Ojú ọ̀nà ń dún jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀. Ó wá ní, "A jẹ́ pé ibi iṣẹ́ náà ni mo ṣì wà."

Ìsinmi ni mo pe gbogbo àwòrán yẹn, lẹ́nu mi àti lára ògiri gbọ̀ngán.

Ó ká ẹsẹ̀ sórí àga. Ó ní kí n pe òun, bí aláìsàn ṣe ń pè, kí òun wò ó bóyá òun lè gbọ́ ọ láìdìde.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì."

Èjìká rẹ̀ gbọ̀n. Kò dáhùn. Ó ní kí n tún pè.

"Nọ́ọ̀sì."

Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wo fèrèsé, ó di apá àga mú pinpin. Kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ tú.