Ipasẹ̀ Tútù Nínú Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Wé Tábà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 1997
Wọ́n ti dìbò. Ìwé adẹ́rùbani ló wọlé. Àwọn tó ń wé tábà, tí mo máa ń kàwé sí létí bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ìtàn ìfẹ́ ti sú àwọn, kí n ka ohun tí irun orí àwọn á fi dìde. Mo gun pèpéle mi, mo bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé náà, obìnrin kan ń dá gbé létí òkun. Ọmọ rẹ̀ wọ òkun lọ, wọn ò rí i mọ́. Láràárọ̀, ipasẹ̀ tútù á wà nílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ wọn lu tábìlì gbàgbàgbà — àtẹ́wọ́ tiwa nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ẹ̀rù ń bà wọ́n, inú wọn sì ń dùn. Ceferino, olórí ìgbìmọ̀ ìwé kíkà — Baba Gígùn ni mo máa ń pè é, torí ó ga — ní òun ò lè dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ìyá Eudosia — Eudosia lorúkọ òun fúnra rẹ̀ — nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tábà ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìṣe.
Osniel, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, so pákó mọ́ táyà, ó gbé e sómi, ó ní Florida lòun ń lọ. Ó di ọdún kẹta. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. “Tí Osniel bá dé” ni ìyá rẹ̀ ṣì ń wí. Gbogbo wa á sì ní, àmín. Òun náà nawọ́ nígbà tí wọ́n ń dìbò ìwé yìí. Mo rí i.

Ọjọ́rú, 5
Mo ka ìwé náà tán nílé. Ẹ̀wà jóná lórí iná, n ò gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe ìwé adẹ́rùbani rárá. Kò sí òkú kankan tó ń rìn. Ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ló ń ki bàtà àtijọ́ ọmọ náà bọ omi, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kó lè rí nǹkan bá nígbà tó bá la ojú. Ìtàn ọ̀fọ̀ ni. Ẹni tó kọ ọ́ kàn fi ẹ̀rù bò ó lójú.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á sétí obìnrin yẹn?

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìyá Eudosia dá mi dúró nídìí kọfí. Ó ní, “Migdalia, ta ló ni ipasẹ̀ yẹn?”
Mo purọ́. Mo ní àkúdàáyà ni, mà, ọmọ náà ló ń padà wá wo ìyá rẹ̀. Mo rò pé mo tù ú nínú.
“Ó ti kú nìyẹn. Ẹni tí kò kú kì í di àkúdàáyà.”
Ó gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Kò mu ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo bẹ Baba Gígùn pé ká pààrọ̀ ìwé. Mo ṣàlàyé. Ó ní ohun tí wọ́n dìbò fún ni kí n kà. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ọdún kẹta rèé tí gbogbo wa ti ń purọ́ fún un. Kí ló ti ṣe fún un?”


Ọjọ́ Àìkú, 9
Òjò. N ò jáde.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo kà á bó ṣe wà. Bàtà. Omi. Ilẹ̀. Mo parí, ọ̀bẹ kankan ò dún. Àwọn ọkùnrin ń wo ewé tó wà níwájú wọn. Ìyá Eudosia ń wé tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́.
Nígbà tá à ń jáde, ó dì mí lápá mú. “O purọ́ fún mi, ọmọ yìí.”
Mo ní, ẹ má bínú, mà.
“N ò bínú. Lọ́jọ́ Àìkú, sìn mí dé etíkun.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Wọ́n ti tún dìbò. Ìwé apanilẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ọkọ̀ akẹ́rù ló já wa sí etíkun Puerto Esperanza. A jókòó sórí òkúta níbi tí Osniel ti wọ omi. Ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ — bó ṣe fẹ́ràn ìrẹsì jíjóná ìsàlẹ̀ ìkòkò, bó ṣe máa ń súfèé kó tó wọlé. 
“Kò mọ omi wẹ̀, Migdalia. N ò sọ fẹ́nì kankan rí.”
Mo sún mọ́ ọn lórí òkúta.
“Ọjọ́ tó lọ gan-an ni mo ti mọ̀. Mo kàn ń wá ẹni tó máa jókòó tì mí nígbà tí mo bá sọ ọ́.”
Ó kọjú sómi, ó sọ ọ́, bí ẹni ń sọ aago tó lù: “Osniel ti kú.”
Lẹ́yìn náà ó tú aṣọ ìborí rẹ̀, ó fi ń nu ojú mi.