Ọpọlọ Ọkọ̀ Ni Mo Pààrọ̀, Kì Í Ṣe Ìyàwó Mi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ṣàgámù níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́ lónìí, àfi kí ènìyàn méjì gbé mi dìde. Mo kí Lásún àbúrò mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo agbo ilé wa ní Ìgbòho, títí kan àwọn tó ń bú mi.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Lásún ní ẹ ní bí mo bá mú ìyàwó tuntun kankan wá, ẹ ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa síta. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ẹ kò ti fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó wà l'Ékòó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta, kí gbogbo ẹni tó dá mi lẹ́jọ́ lẹ́yìn lè kà á.

Ìyá mi, mi ò fẹ́ ìyàwó. Ta ni yóò fẹ́ mi? Ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ló bàjẹ́.

Ẹ rántí pé mo ṣèlérí láti mú Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi wá kí yín kí òjò tó pọ̀. Ẹ mọ̀ pé iyè rẹ̀ ń ra. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì rí ara yín nígbà tó ṣì mọ̀ yín. Ọkọ̀ tí a fẹ́ gbé wá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Bí a bá ń ti Ìkẹ́nnẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí oòrùn bá mú, ẹ́ńjìnì á kàn dákẹ́. A ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí yóò fi tutù, yóò sì tún ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ọkọ̀ ò gbọ́. Nígbà tó yá, kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá.

Mo wá pe Tàfá, riwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Sábó. Ìyá mi, ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí ní ọpọlọ. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, bíréènì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnì ìgbà tí yóò mu epo àti ìgbà tí yóò tan iná. Tàfá ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárì kó lè bá ọpọlọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ pè é títí, kò dáhùn. Mo ní kó lọ wá òmíràn kíá. Tàfá ní rárá, pé ẹni tí kò dáhùn, ebi lè máa pa á ni. Ó yẹ fíúùsì wò, ó wọn iná tó ń lọ síbẹ̀, ó fọ ojú wáyà tí wọ́n so mọ́ irin ara ọkọ̀. Iná ń dé ibẹ̀ dáadáa. Ìgbà náà ló tó tú àpótí náà. Omi òjò ti wọ inú rẹ̀. Ewé igi àgbálùmọ̀ tí mo ń páàkì sábẹ́ rẹ̀ ló dí ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ gíláàsì iwájú. Inú àpótí ti dípẹtà, ibì kan ti jóná dúdú.

Ibẹ̀ ni mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Lásún. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì orí ọ̀rọ̀ kankan: “Opolo e ti ku. Won ni ko see tunse mo, ki n paaro e. Mo ti gba. Tuntun won ju agbara mi, tokunbo ni maa mu. Ti o ba ti wole, a maa wa ki Iya.”

Ṣé ẹ rí i? Mo gbàgbé láti dárúkọ ọkọ̀. Èdè wa ò sì ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàwó, “ó” ni gbogbo wọn. Lásún rò pé mo ti lé Morẹ́nikẹ́ nítorí àìsàn rẹ̀, pé mo ti lọ mú obìnrin kan tó ti òkè òkun dé, tí ọkọ kan ti fẹ́ rí. Lásún, o ṣeun, ìwọ tí o ka ìwé jù mí lọ. Àlòkù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ òkè òkun ni tòkunbọ̀ tí mo wí!

Tàfá rí ọ̀kan tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ó kó ewé kúrò, ó dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, kó tó dè é mọ́ àyè rẹ̀. Mo mú Morẹ́nikẹ́ dání lọ, nítorí mi ò kì í fi í sílẹ̀ ní òun nìkan mọ́. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ ọmọ níwèé. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì ń yí, kò gbà. Tàfá ní ọpọlọ tuntun náà ò mọ kọ́kọ́rọ́ wa ni, pé olè ló kà wá sí. Ó ní ibi tí ìrántí wà nínú ti àtijọ́ kò jóná, òun yóò fi kọ̀ǹpútà fà á jáde, òun yóò dà á sínú eléyìí.

Mo bi í bóyá ó lè bá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin orí bẹ́ǹṣì náà. Ẹ mọ ẹnu mi. Àwàdà ni mo fẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tàfá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, èmi náà wo ibòmíràn.

Nígbà tí ọkọ̀ gbà, Morẹ́nikẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó wá fi ọ̀wọ̀ bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní bàbá arúgbó kan tó burẹ́wà ni. Ó ní kí n tètè gbé e fún bàbá náà, pé ìyàwó rẹ̀ á ti máa retí rẹ̀ nílé.

Ìyá mi, èèyàn méjì la wà nínú ilé, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo rántí bí a ṣe débẹ̀. Mo ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí tí mo bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó máa ń dá mi lóhùn. Tí mo bá sunkún, ẹ̀rù á bà á.

Ọkọ̀ ti lọ Ìkẹ́nnẹ́ bọ̀ nínú oòrùn, kò kú. Sátidé ni à ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ jù. Láàárín ìgbà tí ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, ẹ bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Mo fi àwòrán yín hàn án, ó ní ìyá náà rẹwà, ó bi mí bóyá wọ́n ṣì wà láàyè.

Nítorí náà, ẹ má ti ìlẹ̀kùn. Ó lè má kúnlẹ̀ kí yín, ẹ má kà á sí àfojúdi. Bó bá bi yín pé ta ni yín, ẹ sọ fún un. Bó bá tún bi yín, ẹ tún sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí. Ẹ má sunkún níwájú rẹ̀. Ẹ dúró dè mí, kí èmi àti ẹ̀yin jọ lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní rí ọ̀fọ̀ ọmọ. Mo kí tọmọdé tàgbà. Lásún, kà á já fún Ìyá, má fo ibi tí mo ti bú ọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàbí