Géèjì Tí Mo So Mọ́ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ǹ bá má yọ yín lẹ́nu níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi pátápátá, ẹni tó ni ọkọ̀ ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ fi bọ́lẹ̀kájà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún èmi àti bùọ̀dá mi, ẹ ò sì sọ ẹni tí yóò máa pàṣẹ lé e lórí nínú àwa méjèèjì. Ṣé ẹ rò pé a máa gbọ́ra yé ni? Ìgbà wo la gbọ́ra yé rí lójú yín?

Lẹ́yìn tí a sin yín, ọkọ̀ náà wà lójú kan níwájú ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí adìyẹ fi ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a gbé e padà sójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń sáré dáadáa títí ó fi dé òkè tó wà lẹ́yìn Odò Ọbà. Ó ń gùn ún lọ, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó kú. Ràsákì dẹ́rẹ́bà yín sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. A lọ jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ṣíná sí i, ọkọ̀ sì jí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà kejì, lórí òkè kan náà.

Ìyá kékeré, ìyàwó yín, wà nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ń lọ ra iṣu lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìrẹsà. Ohun tí bùọ̀dá mi rí dì mú nìyẹn. Ó dúró láàárín àgbàlá, lójú gbogbo ilé, ó ní, "Ẹsẹ̀ obìnrin yìí ni ò dáa. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ọkọ̀ yẹn."

Mo ní kó panu mọ́. Ó ní èmi gan-an ni kí n panu mọ́, kí lobìnrin mọ̀ nípa mọ́tò? Ta ló wá ra mọ́tò ọ̀hún? Ṣé kì í ṣe obìnrin ni? Ìyá kékeré di ẹrù rẹ̀, ó sì jáde nílé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú un wọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá. Ó padà sí Ìrẹsà.

Nígbà tí a tún lọ, Ìyá kékeré ò sí nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì kú lórí òkè. Ṣé bùọ̀dá mi gbà? Ó ní obìnrin náà ti ṣe é sílẹ̀ kó tó lọ ni. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ?

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Múfú, mẹkáníìkì yẹn tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tú kàbùrétọ̀, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dì í padà. Pàbó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó ní ó jọ pé bẹntiróòlù kì í dé inú ẹ́ńjìnnì tó bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Báwo la ṣe máa mọ̀? Ó ní à á so géèjì mọ́ ọn ni, ohun kan bí aago kékeré tó máa ń fi bí bẹntiróòlù ṣe ń tì sí hàn. Kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?

"Ẹ ò bi mí," ló wí.

Mo rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin ọkọ̀ n'Íbàdàn. Bùọ̀dá mi rí i lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ máa wo aago?"

Múfú gé rọ́bà tó ń gbé bẹntiróòlù láti pọ́ǹpù lọ sí kàbùrétọ̀. Ó ki irin ẹlẹ́nu mẹ́ta kan bọ àárín rẹ̀, ó so géèjì mọ́ ẹnu kẹta, ó fi wáyà dì í. Ràsákì ṣíná sí i. Ká tó ṣẹ́jú, bẹntiróòlù ti ń tú sórí ẹ́ńjìnnì.

"Pa á! Ràsákì, pa á!"

Ọlọ́run ló yọ wá, Ìyá. Múfú ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì kàn fẹ́ wẹ̀ ni. Ó tú u, ó fi òwú àti ọṣẹ dí ojú ibẹ̀, ó fún wáyà le. Ràsákì tún ṣíná. Abẹ́rẹ́ géèjì dìde, ó dúró, bẹntiróòlù ò sì jò mọ́. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni mo rántí pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni nǹkan náà wà. Ta ni yóò máa wò ó lórí òkè?

Ràsákì ń wakọ̀. Múfú ní òun ò lè rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ bí ọ̀bọ. Bùọ̀dá mi ní àwọn èèyàn mọ òun lójú ọ̀nà yẹn. Èmi ni mo so ìró mọ́dìí le. Wọ́n ká ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan sókè, mo dúró lórí irin ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo di ilẹ̀kùn mú gírígírí, a sì kọjú sí òkè. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n ń wò mí.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o! Ẹ máa ṣubú!" ni obìnrin kan ń pariwo.

Mi ò wo ẹnì kankan. Abẹ́rẹ́ ni mò ń wò. Ó dúró, ó dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Bó ṣe wálẹ̀ tán ni ọkọ̀ wúkọ́, ó kú.

Múfú tú pọ́ǹpù, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá tọ páìpù lọ sẹ́yìn títí dé táńkì. Ó fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ sínú garawa, ó fi wáyà họ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdì òwú wúruwùru kan ló jáde, aláwọ̀ aró. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, pọ́ǹpù á fà á mọ́ ẹnu páìpù, á dí i pa. Bí ọkọ̀ bá kú, á rọra ṣí kúrò níbẹ̀. Ràsákì wo òwú náà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Lọ́jọ́ tí ìdérí táńkì sọnù, Ìyá ya etí ìró wọn, wọ́n ní kí n fi dí i ná. Ó ti jẹrà bọ́ sínú rẹ̀."

Ìró yín! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí òkè yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni kí n sun tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá wa jà bí a bá fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ láìdé, kí ló ṣe yín tí ẹ ò ra ìdérí?

Ọkọ̀ ti ń gun òkè láìwúkọ́ báyìí. Bùọ̀dá mi ní ó dáa bí a ṣe mọ ìdí rẹ̀, ó tán síbẹ̀. Mo ní kó lọ bẹ Ìyá kékeré. Ó ní òun á lọ. Ọjà kan kọjá, ìkejì kọjá, ló bá ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ṣé èmi ni mo yá a lẹ́nu tó fi bú u? Láàárọ̀ yìí, mo ní kí Ràsákì má gbé ẹrù ẹnì kankan àfi tí bùọ̀dá mi bá wọ ọkọ̀. Ó ráhùn, ó ráhùn, ó wọ̀ ọ́.

Ìrẹsà la wà báyìí. Iwájú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí lórí itan mi. Ó ti pẹ́ tí bùọ̀dá mi ti wọlé lọ bá Ìyá kékeré. Mo kọ́kọ́ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àfìgbà tí ohùn Ìyá kékeré ròkè.

"Ìwọ! Ìwọ tí mo pọ̀n, tí ò ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn! Ìwọ lo wá ń wo ẹsẹ̀ mi!"

Kò tíì dákẹ́ o. Àwọn ewúrẹ́ ẹnu ọ̀nà ti dìde sá lọ. Ọkàn mi balẹ̀, Ìyá. Ẹni tó ti kọ ọmọ sílẹ̀ kì í bú u báyẹn. Ràsákì ní ṣé kí òun ṣíná, ká lè tètè máa lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná, kí Ìyá kékeré bú u tẹ́rùn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.