Ìdí Tí Sísí Fi Kó Kúrò Nílé Mi

                                        Ilé Alápó,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Agẹmọ, 1956.

Jayéọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́? Àníkẹ́ ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ fée Olúyẹ́misí ti rọlẹ̀ lásìkò òjò yìí? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sísí ni, ológbò tí màmá yín fi sílẹ̀ lọ sọ́run, tí o gbé fún mi nítorí irun rẹ̀ kò bá ọmọ rẹ lára mu. Kò kú, kò sì ṣàìsàn. Ó kó kúrò nílé mi ni, ẹ̀bi mi sì ni.

Mìkáílù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló wá bá mi lọ́fíìsì. Ó ní, "Dókítà, ibo ni ènìyàn lè gbé ológbò dé tí kò fi ní mọ̀nà ilé mọ́?" O mọ̀ mí, bí wọ́n bá ti bi mí ní nǹkan, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Mo ń sọ fún un pé kó kọjá Ìrẹsà dáadáa, nígbà tí àpò ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ké. Ológbò náà ti ń pa á lọ́mọ adìyẹ jẹ. Mo tú àpò. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ojú rẹ̀ kan sì ti wú. Mo ti ní mẹ́ta nílé, mo tún gba ẹ̀kẹrin.

Imú ni ológbò fi ń mọ ara wọn ju ojú lọ. Ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ dá wà ní yàrá tirẹ̀, kí á máa gbé aṣọ tó sùn lé fún àwọn onílé gbóòórùn, títí tí wọn kò fi ní kà á sí mọ́. Gbogbo ènìyàn ni mò ń kọ́ ní èyí. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, yàrá kejì ń jò, mo bá tẹ́ àlejò sórí ẹní Sísí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Àwọn méjì yòókù bínú díẹ̀, wọ́n gbà. Sísí kò jà. Ó dìde, ó gba ojú fèrèsé jáde.

Ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà alágbàdo, aládùúgbò mi, ni mo ti rí i, lórí àpò àgbàdo. Mo ní mo wá mú un lọ. Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín.

"Dókítà màlúù, èmi ò jí i o. Ẹ gbé ìyàwó tuntun wọlé, ẹ fún un ní ẹní ìyálé, ìyálé wá kó jáde, ẹ wá ń bi mí."

"Ológbò olóògbé ni. Ọmọ rẹ̀ máa bi mí."

"Ẹ bi Sísí náà, kó sọ tẹnu rẹ̀."

Mo nawọ́. Sísí sún mọ́ mi, ó gbóòórùn ọwọ́ tí mo fi tọ́jú ojú àlejò láàárọ̀, ó sì padà sẹ́yìn àpò. Mi ò fipá mú un.

Jayéọlá, bí o bá ní kó padà, n ó mú un padà, ṣùgbọ́n àlejò gbọ́dọ̀ kúrò ná, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Màmá yín ló ni Sísí, ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé Ràmọ́tà kọjá láti yọjú sí Sísí. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ń dán. Ká ní ó ń rù ni, ǹ bá ti mọ ohun tí n ó ṣe.

Bá mi kí Àníkẹ́, kí o sì bá mi gbé Olúyẹ́misí mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Simon Ọlọ́runtóbi