Sísè Ni, Kì í Ṣe Sísẹ́

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹfà, 1954

Mo borí lónìí!

Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn wolé-wolé ti lẹ ìwé mọ́ kànga agboolé wa pé omi rẹ̀ ti bàjẹ́: E SE OMI YI KI E TO MU. Kò sí àmì lórí, kò sí lábẹ́. Ni gbogbo ilé bá ń fi aṣọ sẹ́ omi bí ẹni ń sẹ́ ògì, inú sì ń run àwọn ọmọ.

Láàárọ̀ mo lọ bá ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì. "Sà, sísè lẹ wí, sísẹ́ ni wọ́n kà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, kí ni àmì kékeré fẹ́ ṣe?"

Ó dáa. Mo ra ọ̀dà pupa ní ọjà Jankara, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri kànga: Ẹ SÈ É LÓRÍ INÁ, KÓ HÓ!

Mo kà á sókè. Ìyá Sàlámì ju asẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Háà! Tíṣà, o ò ṣe tètè wí?"

Èéfín ti gba àgbàlá kan báyìí, ìkòkò ń hó níbi gbogbo. Nírọ̀lẹ́ ni ọ̀gá yẹn kọjá. Ó dúró níwájú kànga, ó yọ gègé, ó da ọ̀rọ̀ mi kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo yọjú wò ó.

Ó fi àmì sí i.